Mo fẹ́ gba ilé ní Ìkòròdú, kí ni kí n ti ní lọ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

SisíTélọ̀:
Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá mi ni mò ń gbé ní Ògólóńtò, ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá ìyàwó ti dé wá wẹ ọmọ, ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe máa há tó. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mò ń wá, kí kíṣìnì àti balùwẹ̀ rẹ̀ dá wà, láti Àgíríìkì títí dé Ìgbógbó, torí Kétu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà mo sì fẹ́ máa rí BRT wọ̀. Télọ̀ ni mí, kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún mi. Ájẹ́ńtì kan wá ní kí n mú lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ wá, kí n mú gàráńtọ̀ méjì wá, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó tún ní bàbá onílé ò fẹ́ obìnrin tí ò lọ́kọ. 400k ni rẹ́ǹtì, 450k ló wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ó ní tótà pákéèjì yàtọ̀, kí n sì kọ́kọ́ san owó ìńspẹ́ṣọ̀n kóun tó mú mi débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ilé láìpẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?

BàbáOnílé_Ìtamàgá:
Ọmọ mi, èmi náà ń fi ilé háyà, kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa fún ọ. Lẹ́tà yẹn gan-an kọ́ là ń wá, ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé rẹ́ǹtì ọdún tó ń bọ̀ máa wọlé láìjẹ́ pé à ń lé ara wa kiri, àti pé ta la máa pè tí wàhálà bá dé. Lọ bá báńkì rẹ kí wọ́n tẹ sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà fún ọ, tí owó àwọn kọ́sítọ́mà bá ń wọlé síbẹ̀ déédéé, ìyẹn dáa ju lẹ́tà lọ lójú tèmi (tó bá jẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lò ń kó kéèṣì sí, tètè máa kó o lọ sí báńkì láti òní). Mú káàdì ẹgbẹ́ télọ̀ yín dání, rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù, sílíìpù NIN, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Gàráńtọ̀ ò di dandan kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó nílé tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù tá a lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n sọ fún un ṣáájú o, torí mo ti pe gàráńtọ̀ kan rí tó ní òun ò mọ ẹni tí mò ń sọ. Ti ọ̀rọ̀ ọkọ, mi ò ní parọ́, àwọn kan nínú wa ṣì ń ṣe é, kò sì dáa. Ní kí bùrọ̀dá rẹ bá ọ lọ rí bàbá náà. Tó bá ṣì kọ̀, ilé pọ̀ ní Ìkòròdú.

ÀǹtíBísí_Ìsàwò:
Bàbá ẹ ṣé sà, àmọ́ ẹ ò sọ ti owó. Àbúrò, 450k yẹn ò lè gbé e o. Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀: rẹ́ǹtì 400k, kọmíṣọ̀n ájẹ́ńtì 10% jẹ́ 40k, àgírímẹ́ǹtì 10% jẹ́ 40k, ó ti di 480k, kọ́ṣọ̀n (owó tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́) ò tíì wọ̀ ọ́, ká ní 50k ni wọ́n gbé lé e, 530k rèé, o ò sì tíì háyà mọ́tò tó máa kó ẹrù, o ò tíì ra gílóòbù kan. Ilé 300k sí 320k ni kó o máa bèèrè, kó o sì gba tótà lẹ́nu wọn lórí fóònù kó o tó gbéra nílé. Owó kọ́ṣọ̀n yẹn, owó ẹ ni o, tó o bá ń kó jáde tí o ò ba nǹkan kan jẹ́ ó yẹ kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n kọ ìyẹn sínú àgírímẹ́ǹtì.

Tẹ́nì kan bá tún ní kó o san ọdún méjì, òfin ilé gbígbà ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní wọn ò gbọdọ̀ gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island ni òfin yẹn yọ sílẹ̀, kò yọ Ìkòròdú. Òfin kan náà ló ní dandan ni rìsíìtì, kó ní déètì, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ibi tílé wà, iye owó àti ìgbà tó wà fún.

Márúwá_Ìgbógbó:
Bébà bébà lẹ̀ ń sọ látàárọ̀, ilé gan-an ńkọ́? Sisí, lọ wo ilé lẹ́yìn òjò ńlá, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀sán gangan tàn ẹ́. Yípo lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọn ò ráyè kùn dáadáa, wo ìsàlẹ̀ ògiri, tó o bá rí ìlà búráùn kan tó lọ tààrà láti igun dé igun, ibi tí omi dúró sí nìyẹn. Fọwọ́ tẹ ọ̀dà ibẹ̀, tó bá wú tó ń ré bọ́, ògiri yẹn ṣì ń mu omi. Àwọn tó wà lápá Àjẹgúnlẹ̀ lójú títì Ìkòròdú mọ ohun tí mò ń sọ, tí wọ́n bá tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀ tí odò Ògùn kún, ẹrù lorí ni. Bèèrè báǹdì iná wọn, ìyẹn ìpele tó ń sọ iye wákàtí tí wọ́n ń rí iná lóòjọ́, lọ́wọ́ àwọn ará kọ́ńpáùn, má bèèrè lọ́wọ́ ájẹ́ńtì, gbogbo ilé ni báǹdì A lẹ́nu tiwọn. Tó bá jẹ́ mítà kan ni gbogbo ilé jọ ń lò, sá. Ìgbógbó sì rèé, BRT ò débẹ̀ o, kẹ̀kẹ́ ni wàá kọ́kọ́ wọ̀ dé Gáréèjì, Àgíríìkì ló máa rọ̀ ẹ́ lọ́rùn fún Kétu.

ỌmọOríwù:
Owó ìńspẹ́ṣọ̀n, gbogbo wọn ló ń gbà á, àmọ́ ná an dáadáa, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa san fún gbogbo ilé tó bá fẹ́ fi hàn ẹ́. Rẹ́ǹtì ni kó o má kó lé ájẹ́ńtì lọ́wọ́ láéláé. Yàrá kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́rin ti sanwó ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù dé ni wọ́n máa pàdé ara wọn ní géètì. Rí onílé lójúkojú, bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé ta ní ń gba rẹ́ǹtì wọn, kórúkọ ẹ̀ bá ti ákáǹtì mu kó o tó tẹ tíránsífà. LASRERA ni ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ájẹ́ńtì sílẹ̀, bi tiẹ̀ bóyá orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ kó o wo bó ṣe máa dáhùn. Tọ́rọ̀ bá sì dìjà lọ́jọ́ iwájú, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń bá onílé àti ayálégbé parí ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má tíì máa pe sọ́jà fún ara yín.

SisíTélọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá mo dúpẹ́ sà. Mo ti pe ájẹ́ńtì yẹn padà, mo ní kó sọ tótà, ó ní 560k, mo ní ó dàárọ̀. Ẹlòmíì ti mú ilé 300k wá ní Àgíríìkì, àmọ́ wọn ò tíì fi táìsì sí balùwẹ̀, kò sì sí ìlẹ̀kùn kíṣìnì, onílé ní kí n parí ẹ̀ kóun yọ ọ́ nínú rẹ́ǹtì. Ṣé kí n gbà?

BàbáOnílé_Ìtamàgá:
Gbà á tó bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ pe káfíńtà àti onítáìsì, kí wọ́n dá iye sọ níwájú yín méjèèjì, kó wọ inú àgírímẹ́ǹtì pé iye báyìí ló máa jáde nínú rẹ́ǹtì, kó o tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Kó sì kọ ọ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí tó o kó wọlé ni ọdún rẹ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó o sanwó.