Rípọ́ọ̀tù dé láti England, ipò ọmọ dà?

Bàbá Òkè-Àdó: Ẹ̀yin ará ilé tó wà lóhùn-ún, ẹ kú iṣẹ́ o. Rípọ́ọ̀tù ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Year 2 ni wọ́n fi hàn mí lórí fóònù. Ojú ewé mẹ́rin gbáko, kò sí máàkì, kò sí ipò, wọn ò sọ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì. "Expected" wà níwájú ìwé kíkà àti ìṣirò, "working towards" wà níwájú ìwé kíkọ. Tíṣà ní inú òun máa ń dùn láti kọ́ ọ. Ṣé ọmọ yìí mọ̀wé àbí kò mọ̀wé?

Tíṣà Peckham: Ẹ káàárọ̀ sà. Bí ẹ bá wá ipò títí di alẹ́, ẹ ò ní rí i. Ní Ìbàdàn, CA gba 40, ìdánwò gba 60, tíṣà á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí broadsheet, ẹni tó ṣe kìíní á hàn, ẹni tó gbẹ̀yìn náà á hàn. Níbí, wọn kì í fi ọmọ wé ọmọ lórí rípọ́ọ̀tù. Ohun tó yẹ kí ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ti mọ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. "Expected", ó kún ojú òṣùwọ̀n. "Greater depth", ó ti kọjá ibẹ̀. "Working towards", kò tíì kún. Èyí tó wà níwájú ìwé kíkọ yẹn ni kí ẹ dì mú sà. Tíṣà tó ní inú òun ń dùn, ìwà ọmọ ló ń yìn. Wọn kì í kọ "can do better" gbàgàdà bíi tiwa. Wọ́n á fi ṣúgà bo ìṣòro, òbí á sì máa jó lọ sílé.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn kì í ṣe dandan o. Látìgbà tí ìjọba ti fagi lé "levels" àtijọ́, ìyẹn ìpele tí gbogbo ilé ìwé fi ń díwọ̀n ọmọ, lọ́dún 2014, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń yan ọ̀nà tó ń gbà díwọ̀n. Ẹlòmíì á kọ "secure", ẹlòmíì á kọ "developing". Bí àlàyé rẹ̀ ò bá sí lórí rípọ́ọ̀tù, kí òbí béèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì rí 90% níwájú attendance tẹ́ ẹ wá ń dúpẹ́, ẹ dúró ná. Nílé, 90 jẹ́ A. Níbí, ọmọ tó bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ti bọ́ sínú àwọn tí wọ́n ń pè ní "persistent absence". Ọjọ́ 190 ni wọ́n ń kàwé lọ́dún, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 19. Ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ bá fi gbé ọmọ wá síbi ìnáwó n'Ìbàdàn láàárín táàmù ti jẹ ọjọ́ 10 níbẹ̀, owó ìtanràn sì lè tẹ̀ lé e: £80 fún òbí kan lórí ọmọ kan tẹ́ ẹ bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21, £160 tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀.

Ìyá Mọ̀kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, à ń múra àtikó lọ sí England. Ọmọ ọdún 10 tó ti wà ní JSS1 níbí, kíláàsì wo ni wọ́n máa fi sí? Àbúrò rẹ̀ ń lọ sí Year 1.

Tíṣà Peckham: Ẹ kú ìmúra mà. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń wò, wọn ò bèèrè JSS. Tó bá ti pé 10 kí oṣù August tó parí, Year 6 ni. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló pé e, Year 5 ni. Ẹ má bá wọn jà, ẹ ò ní borí.

Year 6 ló ń ṣe SATs, ìdánwò ìjọba, nínú oṣù May: ìwé kíkà, gírámà pẹ̀lú sípẹ́lì, àti ìṣirò. Pépà mẹ́ta ni ìṣirò, máàkì 40, 35 àti 35. Wọ́n á wá yí máàkì ọmọ sí òṣùwọ̀n tó lọ láti 80 dé 120. 100 ni ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tó mú 103 wálé kò gba 103 nínú 120 o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà ni. Ìwé kíkọ ò ní pépà, tíṣà ló ń fi iṣẹ́ inú ìwé rẹ̀ díwọ̀n. Kò sì jọ common entrance rárá: fọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdìrì ti gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di 31 October, 1 March ni wọ́n ń sọ ibi tó bọ́ sí, July ni èsì SATs ń jáde.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ti Year 1, ìdánwò ìró lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní "phonics", ló yẹ kẹ́ ẹ tètè mú. Nínú oṣù June, tíṣà á mú ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kó ka ọ̀rọ̀ 40. Ogún jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Ogún ò nítumọ̀ kankan, àwòrán ẹ̀dá abàmì ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọmọ lè mọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mú àwọn tó ti mọ̀wé kà: wọ́n á rí "strom", wọ́n á ní "storm", ó bọ́ nìyẹn. Máàkì tí wọ́n ń wá máa ń jẹ́ 32. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ á tún un ṣe ní Year 2. Ọmọ tó jẹ́ orúkọ lẹ́tà nìkan ló mọ̀, ẹ kọ́ ọ ní ìró wọn kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní kí tíṣà gba ti ohùn ọmọ rò, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Àwa ará Ìbàdàn tí "ship", "chip" àti "sip" máa ń di ọ̀kan lẹ́nu wa, ẹ jẹ́ kọ́mọ gbọ́ ìyàtọ̀ wọn.

Ní Year 4, ìbéèrè tábìlì 25 lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú àáyá 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó jẹ́ pé orin ló fi mọ tábìlì á ṣì máa gun orin bọ̀ láti "seven ones" nígbà tí 7 × 8 ti kọjá lọ. Ẹ máa dà á rú fún un.

Bàbá Òkè-Àdó: Ó yé mi. Ìwé kíkọ yẹn ńkọ́?

Tíṣà Peckham: Kí ìyá rẹ̀ lo ìpàdé òbí sà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ìkíni tiwa nìkan lè jẹ ìdajì rẹ̀. Kó ní kí wọ́n gbé ìwé ọmọ jáde, kó bèèrè pé: kí ni kò tíì lè ṣe tó fi jẹ́ "working towards"? Ní Year 2, wọ́n ń wò ó bóyá lẹ́tà ńlá àti àmì ìdánudúró wà nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn rẹ̀, bóyá ó ń lo "and", "but", "because", àti bóyá àkókò ọ̀rọ̀-ìṣe ò dàrú. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń mú ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé. "Mo lọ" wa kì í yí padà, àná ni o, ìjẹta ni o. Òun náà á wá kọ "Yesterday I go".

Bàbá Òkè-Àdó: Ó dáa. Kó máa kọ ohun tó ṣe lánàá ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo Sátidé, gbólóhùn márùn-ún. Báírò pupa mi ṣì wà.

Tíṣà Peckham: Ẹ dákun sà, àṣìṣe irú kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan. Tí ìwé bá pupa tán, kò ní kọ òmíràn.