Autoinstall Ubuntu: ojú kọ̀ǹpútà ń dúdú lórí àwọn tó ní NVIDIA

Lab_Ayétòrò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kọ̀ǹpútà 12 la fẹ́ fi Ubuntu 24.04 sí ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Ayétòrò, Òṣogbo. Autoinstall, tó ń fi Ubuntu sí fúnra rẹ̀ bí fáìlì kan bá ṣe sọ, la fi ń ṣe é, láti orí fláàṣì. Mẹ́jọ tó jẹ́ Intel nìkan parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mẹ́rin tó ní RTX 3060 (káàdì àwòrán NVIDIA) ló ṣòro: GRUB (àtẹ tó ń yọ kí ẹ̀rọ tó gbéra) á yọ, a tẹ Enter, ojú ẹ̀ á dúdú kirikiri, kò ní mira mọ́. Ọ̀kan jàjà parí, àmọ́ `nvidia-smi` (àṣẹ tó ń yẹ káàdì NVIDIA wò) ní òun kò rí dráífà, ìyẹn sọ́fítíwía tó ń darí káàdì, bá sọ̀rọ̀. `drivers: install: true`, tó ní kó fi dráífà sí, sì wà nínú fáìlì autoinstall wa. Kí ló kù?

Kernel_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun
Ẹ̀gbọ́n, wàhálà méjì ni, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó ń dúdú níbẹ̀rẹ̀, nouveau ni ẹ fura sí. Òun ni dráífà tí kernel (ọkàn Ubuntu) ń lò fún káàdì yẹn kí dráífà NVIDIA gangan tó dé. `drivers` tí ẹ kọ kò tíì jẹ́ nǹkan kan nígbà yẹn, torí ẹ̀yìn tí Ubuntu bá ti wọlé tán ló máa ń ṣiṣẹ́.

Bí GRUB bá yọ, ẹ tẹ `e`. Ẹ wá ìlà tó fi `linux` bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí ìparí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí, kí `---` tó dé:

`linux /casper/vmlinuz autoinstall nomodeset ---`

`nomodeset` ni kò ní jẹ́ kí nouveau gba ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, Ctrl+X. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ kọ ọ́ sí! Ohun tó bá wà lẹ́yìn `---` ni installer ń kó lọ sínú GRUB ẹ̀rọ tuntun. Bí `nomodeset` bá bá a lọ, lẹ́tà á tóbi gàdàgbà, ẹ kò sì ní rí 1920×1080 yàn. Bó bá ti wọ ibẹ̀, ẹ yọ ọ́ nínú `/etc/default/grub`, kí ẹ ṣe `sudo update-grub`.

Àbúrò_Sysadmin
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ti `nvidia-smi`, ẹ kọ́kọ́ wo `mokutil --sb-state`, kí ẹ wá ṣe `sudo modprobe nvidia`. Bó bá dáhùn pé "Key was rejected by service", Secure Boot (ààbò tí kì í gba ohun tí a kò fi kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀ buwọ́ lù) ló lé e padà. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ DKMS kọ module náà (apá dráífà tó ń wọ inú kernel) lórí ẹ̀rọ yín, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tí UEFI (sọ́fítíwía tó ń tan ẹ̀rọ) kò mọ̀ buwọ́ lù ú. Ojú aláwọ̀ búlúù kan ló yẹ kí ènìyàn ti gbà fún kọ́kọ́rọ́ yẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ló ń dúró. Ta ló wà nídìí autoinstall tó máa tẹ nǹkan?

Ẹ má pa Secure Boot. Module tí Ubuntu ti buwọ́ lù sílẹ̀ ni kí ẹ fi sábẹ́ `packages:` nínú fáìlì autoinstall, fún àpẹẹrẹ `nvidia-driver-535` pẹ̀lú `linux-modules-nvidia-535-generic`. Nọ́ńbà tí `ubuntu-drivers list` bá fún yín ni kí ẹ lò. Bí kernel yín bá jẹ́ HWE (èyí tó tuntun jù, fún ẹ̀rọ tuntun), `-generic-hwe-24.04` ni ìparí orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣi ìyẹn, module á wà fún kernel mìíràn, ẹ padà sí ibi tí ẹ wà.

Dátà_Ọ̀ṣun
Dráífà yẹn wúwo, ẹ má jẹ́ kó jẹ dátà yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ fi `apt-cacher-ng`, tó ń tọ́jú ohun tí a bá ti gbà kí àwọn yòókù lè gbà á níbẹ̀, sórí ọ̀kan nínú àwọn tó ti parí, kí ẹ kọ `proxy: http://192.168.1.10:3142` sínú autoinstall, ẹ fi IP tirẹ̀ rọ́pò. Snapd (tó ń bójú tó àwọn ápù snap) náà á gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ fi `PassThroughPattern: .*` sínú `acng.conf`. Proxy yẹn kì í kúrò fúnra rẹ̀ o: ẹ yọ ọ́ nínú `/etc/apt/apt.conf.d/`, kí ẹ sì yọ ti snapd náà, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kankan kúrò ní lab.