Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àwọn ọmọ West Point lọ́dún 2024, ẹ wá sọ tiyín

Àdìó_Bronx: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ṣọ́jà West Point yìí, tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́ Army, ò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ AAC, líìgì àwọn yunifásítì kan, wọ́n na gbogbo ẹni tí wọ́n pàdé níbẹ̀, mẹ́jọ nínú mẹ́jọ, wọ́n tún wá fi 35-14 na Tulane gba ife. Láti 1890 tí wọ́n ti ń gbá a, wọn ò gba ife líìgì kankan rí! Èmi o, ọjọ́ tí ìyà jẹ wọ́n ni mo lọ wò wọ́n. Yankee Stadium, oṣù kọkànlá, wọn ò tíì pàdánù ìkankan, ni Notre Dame bá fi 49-14 dá sẹ̀ríà fún wọn. Fìlà Army wà lórí mi nínú ọkọ̀ ojú irin, ṣe ni mo bọ́ ọ sápò. Ẹ̀yin ńkọ́?

ÌyáKádẹ́ẹ̀tì: Ọmọ mi wà níbẹ̀, kì í ṣe pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù o, kádẹ́ẹ̀tì lásán ni. Alẹ́ ọjọ́ Tulane yẹn mo lọ, ọjọ́ Jimọ̀ ni, oṣù kejìlá, òtútù tó wà ní Michie Stadium lálẹ́ ọjọ́ náà ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́, orí òkè ni pápá yẹn wà, adágún omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń ti odò Hudson bọ̀, mo wọ ṣòkòtò mẹ́ta lọ́wọ́ kan náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé tí Army bá ti jẹ góòlù wọ́n máa ń yin àgbá! Wọ́n yin àkọ́kọ́, mo pariwo “Jésù!”, mo wọ abẹ́ àga, tíì mi dà sára òyìnbó kan. Ó ní “first time?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bryson Daily, òun nìkan jẹ mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ náà, ìgbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin èmi náà ti ń retí àgbá. Àwọn kádẹ́ẹ̀tì ò jókòó o, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ìdúró ni wọ́n wà, mo ń wo tèmi lókèèrè, mo fẹ́ gbé kóòtù fún un, wọ́n ní mi ò lè lọ síbẹ̀.

Kòṣémánìí_Ìbàdàn: Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáyà sáré yẹn náà lẹ ń pè ní bọ́ọ̀lù?

Àdìó_Bronx: Wọ́n ti dé 😂

Tisa_Houston: @Kòṣémánìí bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a ẹ máa gbádùn ẹ̀. Ẹgbẹ́ yòókù máa ń ju bọ́ọ̀lù káàkiri, Army kì í sáà jù ú. Daily á gbà á, á wo ẹni tó ń bọ̀ wá gbá a mú, tí yẹn bá kọjú sí i, á fún ẹnìkejì, tí yẹn bá kọjú sẹ́nìkejì, òun fúnra ẹ̀ á gbé e sá lọ. Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni, wọ́n lè fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbé bọ́ọ̀lù kan lọ, ẹgbẹ́ kejì á kàn jókòó síta máa wò. Ìdí ni pé ṣọ́jà ni wọ́n, wọn ò lè sanra bí àwọn ìgìrìpá tó wà níléèwé yòókù, torí náà wọ́n á fi ọgbọ́n rọ́pò ọ̀rá. Kò sí ẹgbẹ́ tó gbé bọ́ọ̀lù sáré tó wọn lọ́dún yẹn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Daily fẹsẹ̀ jẹ touchdown (góòlù tiwọn nìyẹn) 32.

Kòṣémánìí_Ìbàdàn: Ó dáa. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ṣá.

Bàbá_Landover: Gbogbo yín ń sọ ife, ife, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ Navy, iléèwé ṣọ́jà ojú omi, orogún Army. 31-13 ńkọ́? Èmi wà níbẹ̀, December 14, ilé mi ò jìnnà sí pápá náà. Trump wá, torí ẹ̀ ìlà àyẹ̀wò gùn bí ìlà epo. Ohun tó ṣe mí láàánú jù ni ìgbẹ̀yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá gbá a tán, ẹgbẹ́ méjèèjì á jọ lọ dúró níwájú àwọn kádẹ́ẹ̀tì ẹni tó pàdánù, wọ́n á kọ orin iléèwé yẹn, kí wọ́n tó wá lọ kọ ti ẹni tó borí. Àwọn ọmọ Army dúró, fìlà irin wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń kọ tiwọn lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ ńlá, èjìká bí ilẹ̀kùn, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, kò sì nù ún.

ÌyáKádẹ́ẹ̀tì: Ẹ má rán mi létí jọ̀ọ́. Tèmi ò gbé fóònù fún wa títí di ọjọ́ kejì.

Navy_Lọ́kàn: Ọdún tẹ́ ẹ pàdánù fún Navy, ọdún òfo ni. Ẹ lọ bi kádẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí.

Àdìó_Bronx: Òfo kẹ̀? Wọ́n borí nígbà 12, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí látijọ́ aláyé ti dáyé! Ẹ̀yin tí Notre Dame fi 51-14 nà lóṣù kan ṣáájú wa.

Navy_Lọ́kàn: A na Air Force, a na yín, ife Ààrẹ táwọn iléèwé ṣọ́jà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dù wà nílé wa ní Annapolis. O tún ń sọ̀rọ̀.

Tisa_Houston: Ẹyọ kan ṣoṣo ni mi ò gbà lẹ́nu Navy. Kò ba líìgì jẹ́ pé wọ́n pàdánù, torí Army àti Navy wà nínú líìgì kan náà ṣùgbọ́n ìjà wọn yẹn kì í wọ àkọsílẹ̀ líìgì. Lẹ́yìn ẹ̀ náà wọ́n lọ gbá ti ìparí ọdún ní Shreveport, wọ́n fi 27-6 na Louisiana Tech. Marshall ló yẹ kí wọ́n bá gbá, kóòṣì àwọn yẹn lọ, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, ni wọ́n bá yọwọ́.

Sisí_Dallas: Kanye Udoh tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún Army ò sì gbá ti Shreveport yẹn. Ó sáré ju 1,100 yard lọ lọ́dún yẹn, kí èèyàn tó pajú pẹ́ ó ti gba yunifásítì Arizona State lọ. Ó dùn mí.

Bàbá_Landover: Kí ló dùn ẹ́? Ọdún kejì ló wà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta níbẹ̀, ó ti di gbèsè iṣẹ́ ṣọ́jà nìyẹn, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé. West Point kì í sì í sanwó bọ́ọ̀lù. Èmi náà máa sá.

Gbénró: Udoh, ṣé Yorùbá ni?

Sisí_Dallas: Ìbìbíò ni orúkọ yẹn jọ. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ onílé.

Kòṣémánìí_Ìbàdàn: Ẹ dúró ná, @ÌyáKádẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọmọ yín fún ṣọ́jà òyìnbó? Ogun tí ò kàn wá?

ÌyáKádẹ́ẹ̀tì: Amẹ́ríkà la bí i sí, bọ̀dá, ogun ẹ̀ ni. A ò san kọ́bọ̀ owó iléèwé. Ṣé ẹ̀yin ò lọ́mọ tó fẹ́ lọ NDA ní Kàdúná?

Kòṣémánìí_Ìbàdàn: Àbúrò mi kékeré gba fọ́ọ̀mù. Wọn ò mú un.

Gbénró: 😂😂😂

Navy_Lọ́kàn: Kó wá sí Annapolis, a máa kọ́ ọ lódò wíwẹ̀.