Ìdábùú ojú irin: kí la ó pe ẹ̀rọ ìkìlọ̀ rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún àwọn ohun èlò yìí, àbá mẹ́ta ló ṣáájú: "oríta ojú irin" fún ibi tí títì ti gba orí irin rélùwéè kọjá, "iná ìdádúró" fún ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ níbẹ̀, àti "atanná" fún relay (nǹkan tí iná mànàmáná ń mú ṣí tàbí ti ọ̀nà iná mìíràn) inú àpótí rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan, ìkẹta ló sì burú jù.

Ká tètè kúrò lórí "oríta". Ní oríta, ẹni tó bá wù ú lè yà. Ta ló ń yà sójú irin? Títì dábùú irin ni, ó tán. "Ìdábùú ojú irin" tó. (Ẹni tó mú "ìkọlù ọ̀nà" wá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí à ń sá fún gan-an nìyẹn.)

"Iná" ńkọ́? Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹ̀ṣọ́ ló ń dúró níbẹ̀, tòun ti àsíá lọ́sàn-án, tòun ti àtùpà lálẹ́. Ní California, láti nǹkan bí 1909, awo irin kan tí iná pupa wà láàárín rẹ̀ ń fì lọ fì bọ̀, agogo ń dún tẹ̀ lé e. Wigwag ni wọ́n pè é. Iná pupa méjì tó ń ṣẹ́jú, tí ọ̀tún ń tàn bí òsì bá kú, ló gba ipò rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣe orúkọ yìí: ní Amẹ́ríkà, wigwag ṣì ni awo tó ń fì, ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, iná méjèèjì yẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Gílóòbù náà ti ń kúrò nínú wọn, LED ti wọlé. "Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ìdábùú" ni tèmi, torí iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Iná, agogo àti ọ̀pá ìdènà á wà lábẹ́ rẹ̀.

"Atanná" ló gba àlàyé. Ó jọ pé ẹni tó dá a lábàá rò pé ọkọ̀ ojú irin ló ń fi iná mànàmáná ránṣẹ́ bó bá ń bọ̀. Òdìkejì ni. Láti 1872 tí William Robinson ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí, bátìrì ló ń wà ní ìpẹ̀kun kan, tó ń ti iná díẹ̀ gba irin méjèèjì. Relay á wà ní ìpẹ̀kun kejì. Níbi tí wọ́n ti la irin, ohun tí kì í gba iná ni wọ́n fi há a láàárín. Bí ọkọ̀ ò bá sí, iná yìí ń sọ wáyà tí wọ́n wé sínú relay di òòfà, òòfà á di ahọ́n irin kan mú sókè. Bí ọkọ̀ bá gun ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti irin tó so wọ́n pọ̀ á gba iná náà mọ́ relay lọ́wọ́. Òòfà á kú, ahọ́n á já bọ́ fúnra rẹ̀, ìkìlọ̀ á bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, "adìmú" ni mo fi lọ̀ yín. Bí bátìrì bá kú, wáyà já tàbí irin kán, adìmú á jùwọ́ sílẹ̀, ìkìlọ̀ á bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ orí títì á sì dúró. Ọ̀pá ìdènà náà ní irú ìwà yìí: mọ́tò ló ń gbé e sókè, bí iná bá lọ pátápátá, ìwúwo rẹ̀ á sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìbàjẹ́", ò fi tó fún gbogbo àṣìṣe ẹ̀rọ yìí. "Ìkìlọ̀ òfìfo" ni kí ẹ̀rọ máa ké nígbà tí ọkọ̀ kankan ò bọ̀. Bó bá pọ̀ jù, awakọ̀ á máa fojú di í. "Ìdákẹ́" ló léwu jù: níbi tí ọkọ̀ kì í gbà déédéé, ojú irin á dógùn-ún, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ò ní kan irin gidi, adìmú ò ní mọ̀ pé ohunkóhun wà lórí rẹ̀.

Ó ku ẹ̀rọ tuntun tó ń mọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò dé, èyí tí àwọn kan fẹ́ pè ní "asọtẹ́lẹ̀". Ẹ̀rọ àtijọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ láti ojú kan náà nígbà gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá 20 ṣáájú ọkọ̀, ó kéré tán. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí á rin nǹkan bí 556 mítà láàárín ìgbà yẹn. Èyí tó ń fi 20 kìlómítà wọ́ bọ̀ á lo ìṣẹ́jú àáyá 100 lórí ilẹ̀ kan náà. Sùúrù awakọ̀ á tán, á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kọjá. Ẹ̀rọ tuntun ń fi iná sójú irin, ó ń wọn bí agbára tí irin fi ń dènà iná yẹn ṣe ń dín kù bí ọkọ̀ ti ń sún mọ́ra, ó sì ń ti ibẹ̀ ṣírò ìgbà tí yóò dé. Ìṣírò ni, kì í ṣe ìran. Bí ọkọ̀ bá sì tún eré kì lẹ́yìn náà, ìkìlọ̀ á kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ rántí ìyẹn, "aṣírò-ìdé" sì ni ọ̀rọ̀ tó máa rán an létí.