Rọ́bà oúnjẹ láti ikùn fún ìyá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbíkẹ́yìn Màmá: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ó di ọ̀sẹ̀ 3 tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi, ẹni ọdún 71. Rọ́bà tí ó gba imú wọlé ni wọ́n fi ń jẹun, nítorí pé ṣíbí omi kan ṣoṣo máa ń pá wọn lórí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi ọwọ́ wọn tí ó le fa rọ́bà náà yọ. Dókítà wá ní kí a jẹ́ kí àwọn dá ihò kékeré sí ikùn wọn, kí rọ́bà máa gba ibẹ̀. Àwọn àbúrò màmá kọ̀, wọ́n ní ẹni tí a bá dá ikùn lu kò ní fi ẹnu jẹun mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Kì í ṣe òótọ́ rárá, nítorí ihò ikùn kò dí ọ̀nà ọ̀fun. Bí agbára àtigbé oúnjẹ mì bá padà, wọn á yọ rọ́bà, ojú ihò á sì jiná. Wọn kì í la ikùn: ọ̀nà tí àwọn dókítà kan kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980 ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń ti okùn oníkámẹ́rà gba ẹnu wọ inú àpòlúkù láti mọ ibi tí ihò yóò wà. Bí màmá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Ọmọ Bàbá: Oṣù 7 ni bàbá mi fi lo tiwọn. Ògì tí a sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wàrà sóyà àti edé tí a lọ̀ kúnná ni à ń fún wọn. Kókó ògì kan péré lè dí rọ́bà. Omi mílílítà 30 ni à ń fi ṣan án ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Mo kánjú dá bàbá dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ikọ́ tí wọ́n wú títí ilẹ̀ fi mọ́ ṣì ń dùn mí lọ́kàn. Ẹ máa fọ ẹnu wọn lójoojúmọ́, bí wọn kò tilẹ̀ fi jẹun.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ jọ̀ọ́, bí rọ́bà bá yọ, ẹ má tì í padà fúnra yín, ẹ má sì dúró di ọjọ́ kejì, láàárín wákàtí díẹ̀ ni ihò lè pa dé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Àbíkẹ́yìn Màmá: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí àbúrò màmá. Ohun tí wọ́n bi mí kò ju pé irú asẹ́ wo ni kí àwọn rà. Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò ṣe é.