Ojú bàbá mi pọ́n bí ìyeyè, inú ò sì run wọ́n

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ kú ilé o. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi ní Ìkọ̀lé, ẹni ọdún 68. Ó ti tó oṣù kan tí ojú wọn ti pọ́n, ìtọ̀ wọn dúdú bí Coke, ìgbẹ́ wọn wá funfun. Ara ń yún wọn débi pé kùùkù àgbàdo ni wọ́n fi ń họ ẹ̀yìn lóru. Torí pé inú ò run wọ́n, a fọwọ́ lẹ́rán. Ìkòkò àgbo ibà pọ́njú mẹ́ta ni ìyá mi ti sè. Bàbá tó ń dá odidi iyán jẹ, òkèlè mẹ́ta ló kù; okùn ni wọ́n fi ń so ṣòkòtò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá la ṣe scan l'Ádó. Wọ́n ní ọ̀nà òróòro ti fẹ̀, kókó kan sì wà lórí pancreas. Wọ́n tún ní ká lọ ṣe CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ní kíkún. Nígbà tí scan ti rí i, kí la tún ń náwó sí?

Nọ́ọ̀sì Abẹ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Pancreas wà lẹ́yìn ikùn, òun ló ń ṣe insulin àti omi tó ń da oúnjẹ. Ọ̀nà tí òróòro ń gbà lọ sí ìfun gba orí rẹ̀ kọjá. Tí kókó bá hù síbẹ̀, á fún ọ̀nà náà pa, òróòro á sì padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òkúta òróòro pẹ̀lú lè dí i, ṣùgbọ́n òkúta sábà máa ń dunni gan-an. Èyí tí ò dunni, tí èèyàn kàn ń rù, òun ló máa ń bà wá lẹ́rù pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ẹ ṣe CT yẹn, èyí tí wọ́n ń fa oògùn sí iṣan fún. Òun ló máa sọ bóyá kókó náà ti wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tàbí ó ti dé ẹ̀dọ̀, ìyẹn ni pé bóyá abẹ ṣeé ṣe. Tí CA 19-9, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń tọpa jẹjẹrẹ yìí, bá ga, ẹ má tíì sunkún: ọ̀nà òróòro tó dí nìkan lè gbé e sókè. Ẹ yẹ ṣúgà wọn wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da àgbo nù.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò: Jẹjẹrẹ pancreas ṣe ìyá mi. Abẹ tí wọ́n ń pè ní Whipple ló lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n nínú aláìsàn márùn-ún, bóyá ẹnì kan ni wọ́n ń bá lásìkò tó ṣeé ṣe. Tiwa ti pẹ́. Páìpù kékeré ni wọ́n tì bọ ọ̀nà òróòro. Kò wo jẹjẹrẹ o, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ara ò yún wọn mọ́, wọ́n sùn! Lẹ́yìn náà, oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ gemcitabine lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ìsinmi lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n lo oṣù mẹ́wàá sí i, wọ́n sì bá wa jẹ ìkómọ àwọn ìbejì.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ ṣé gan-an. CT di Ọjọ́rú. Bàbá ní kí n béèrè bóyá kí àwọn fi iyán sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Abẹ: Kí wọ́n jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Tí epo inú ọbẹ̀ bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ dín in.