Ọgbà òkúta bíi ti Japan níwájú ilé: òkúta mélòó, báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó?

Ará Ìperu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Àyè kan wà níwájú ilé kan ní Ìperu, mítà 6 ní gígùn, mítà 4 ní fífẹ̀. Onílé kò fẹ́ odò inú ọgbà tí ẹ̀fọn máa sọ dilé, ọgbà gbígbẹ irú èyí tó wà ní àwọn tẹ́ńpìlì ìlú Kyoto ní Japan ló fẹ́. Òkúta ńlá mélòó ló yẹ ibẹ̀, kí sì ni wọ́n dúró fún? Òkúta wẹ́wẹ́ wo ló dára ládùúgbò wa? Báwo la ṣe máa ṣe é tí ilẹ̀ pupa ò fi ní bà á jẹ́ bí òjò bá dé? Àwọn aládùúgbò ti ń béèrè bóyá ojúbọ ni.

Ayàwòrán Ilẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde:
Márùn-ún ti tó. Ẹ wo tẹ́ńpìlì Ryoan-ji ní Kyoto: nǹkan bíi mítà 25 sí 10 ni ọgbà náà, òkúta 15 péré ló wà nínú rẹ̀, ní ọ̀wọ́ márùn-ún. Ibi yòówù kí èèyàn jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, ó kéré tán òkúta kan yóò fara pamọ́ fún un. Àyè tó ṣófo yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ náà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni omi, òkúta ńlá sì ni òkè tàbí erékùṣù. Tẹ́ ẹ bá to òkúta kún un, kò sí omi mọ́ nìyẹn.

Ẹ pín in sí mẹ́ta àti méjì. Nínú ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọ̀kan á ga, méjì á kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ dọ́gba. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń fi irú ìtò yìí ṣàpẹẹrẹ Búdà àti àwọn méjì tó ń tẹ̀ lé e. Méjì tó kù lè jẹ́ erékùṣù ìjàpá: òkúta fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún ẹ̀yìn, kékeré kan tó gbójú sókè fún orí. Àwa mọ ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo sí ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́, àmọ́ ní Japan ẹ̀mí gígùn ló dúró fún. Wọ́n ní ẹgbàárùn-ún ọdún ni ìjàpá ń gbé láyé, tí ẹyẹ àkọ̀ tiwọn sì ń gbé ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìdí nìyẹn tí erékùṣù ìjàpá àti erékùṣù àkọ̀ fi wọ́pọ̀ nínú ọgbà wọn.

Ní ti ojúbọ, ẹ fọkàn àwọn aládùúgbò balẹ̀. Wọn kì í bọ òkúta inú ọgbà yìí, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Bí onílé kò bá fẹ́ ohun tó jọ mọ́ Búdà, kó ka òkúta gíga náà sí òkè tí omi ń já láti orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é ní Daisen-in, tẹ́ńpìlì mìíràn ní Kyoto: òkúta ni ìṣàn omi tó ń já bọ́, òkúta wẹ́wẹ́ ni odò, òkúta kan tó rí bí ọkọ̀ sì wà lórí odò náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀dà funfun kun ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ má sì gbin igi ọ̀pẹ méjì sọ́tùn-ún sósì bíi ti ẹnu géètì. Ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ló máa pa á.

Àgbà Bírikilà, Ṣágámù:
Ọ̀gá ti sọ ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 15. Gbogbo gbòǹgbò ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ yọ, torí ẹnu rẹ̀ mú débi pé ó ń gún aṣọ tí a máa tẹ́ sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dà díẹ̀: láti ẹ̀gbẹ́ ilé dé òdìkejì tó jẹ́ mítà 4, kó fi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ sílẹ̀, kí páìpù sì gba omi jáde níbẹ̀. Ẹ to búlọ́ọ̀kù yí etí rẹ̀ ká, kó ga ju ilẹ̀ ìta lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Búlọ́ọ̀kù yìí ló ń dá ẹrẹ̀ pupa dúró. Ibi tí wọn ò bá ti ṣe é, òjò oṣù kẹfà kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọgbà náà di pupa.

Òkúta ńlá ló kàn, kó tó kan aṣọ. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kí ibi tó fẹ̀ jù wà ní ojú ilẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá tín-ín-rín lókè ilẹ̀, ńṣe ló máa dà bí eyín tó ń mì. Yẹ̀pẹ̀ àti òkúta kéékèèké ni kẹ́ ẹ fi igi gún sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì á hàn síta, ẹ ò sì ní lè tún òkúta náà yí mọ́. Òkúta tó ga ní mítà kan lè wọn ju 300 kílò lọ, nítorí náà okùn, igi àti ọkùnrin mẹ́rin ó kéré tán. Sakuteiki, ìwé ọgbà tí wọ́n kọ ní Japan ní ọ̀rúndún kọkànlá, kìlọ̀ pé òkúta tó bá dùbúlẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbé e, kí wọ́n má gbé e dúró.

Lẹ́yìn náà ni aṣọ dúdú tí omi ń là kọjá, kẹ́ ẹ gé e yí òkúta kọ̀ọ̀kan ká, ká tó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní sẹ̀ǹtímítà 6. Fún àyè yìí, tọ́ọ̀nù méjì sí méjì àbọ̀ ni.

Ará Ìperu:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ṣé a lè lo òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ṣágámù? Ó funfun dáadáa.

Àgbà Bírikilà, Ṣágámù:
Rárá. Ó rọ̀, ó ń ya ẹ̀tù, á sì dúdú lásìkò òjò. Gráníìtì eléérú tí wọ́n ń fọ́ ní apá Ìjẹ̀bú-Igbó ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó tó mílímítà 5 sí 10, kẹ́ ẹ sì fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dà á. Òkúta Shirakawa tí wọ́n ń lò ní Kyoto náà, gráníìtì ni. Ẹ má ra òkúta odò tó rí róbótó, kò lè di ìlà tí wọ́n ń fi rékì fà mú, ńṣe ló ń yọ̀.

Ayàwòrán Ilẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣe rékì onígi, kí ehín rẹ̀ jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ kọ́kọ́ fà á yí ìdí òkúta ńlá ká lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ni omi tó ń lu etí erékùṣù. Kẹ́ ẹ wá fa ìlà tó gún, kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn jáde. Òjò ńlá á pa ìlà rẹ́, ẹ óò tún un fà ni. Àmọ́ bí omi òrùlé bá ń já sí i lójú kan, á gbẹ́ kòtò. Ẹ fi gọ́tà sórí òrùlé, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà omi sábẹ́ etí rẹ̀, kẹ́ ẹ da òkúta dúdú tó tóbi díẹ̀ sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní àwọn tẹ́ńpìlì yẹn.